Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Gba Ọkọ̀ Tuntun Tó Lábùkù Padà ní Amẹ́ríkà

Nínú ìpínlẹ̀ 50 tó para pọ̀ di Amẹ́ríkà, kò sí èyí tí kò ní òfin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó ń ṣe ségesège. Bí ọkọ̀ bá ní àbùkù tó wúwo, tí àwọn mẹkáníìkì dílà tún un ṣe títí tí kò gbọ́ àtúnṣe, òfin yìí lè fi dandan mú ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kí ó gbà á padà, kí ó sì dá owó olówó padà. Lemon Law ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ yẹn náà sì ni àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Houston tàbí Maryland mọ̀ ọ́n sí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ṣe tirẹ̀, nítorí náà ohun tí oníbàárà lè rí gbà ní California lè má rí bẹ́ẹ̀ ní Texas tàbí New York. Ti California ni àlàyé yìí yóò tẹ̀ lé jù, nítorí pé ó wà lára àwọn òfin tó dúró ti oníbàárà gbágbáágbá.

Kí òfin yìí tó dé, wáráńtì ni ààbò tí ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú ìwé wáráńtì, ilé-iṣẹ́ ṣèlérí pé ohun tó bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ láàárín ọdún mélòó kan tàbí máìlì mélòó kan, òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà kì í sọ iye ìgbà tí àtúnṣe lè kùnà kí ilé-iṣẹ́ tó gbà pé apá òun kò ká a. Oníbàárà á gbé ọkọ̀ lọ, á gbé e bọ̀, ẹ́ńjìnì á tún kú lójú títì, wọn á sì ní kó tún máa gbé e bọ̀. Ní ọdún 1970, aṣòfin méjì ní California, Alfred Song àti Robert Beverly, gbé òfin kan kalẹ̀ tí orúkọ wọn ṣì wà lára rẹ̀ dòní, ìyẹn Song-Beverly Consumer Warranty Act. Ilé-iṣẹ́ tó bá fúnni ní wáráńtì, tó gbìyànjú láti tún ọjà ṣe níye ìgbà tó bójú mu tí kò ṣeé ṣe, gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọjà náà tàbí kó dá owó padà. Ìjọba àpapọ̀ náà ṣe òfin wáráńtì tirẹ̀, Magnuson-Moss, ní 1975. Ohun tó ṣì ń fa àríyànjiyàn ni pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye báyìí ló bójú mu. Connecticut ló kọ́kọ́ fi òǹkà sínú òfin tirẹ̀ fún ọkọ̀ tuntun, ní 1982. Lọ́dún yẹn kan náà ni àbá tí Sally Tanner gbé wá sílé aṣòfin California di òfin, òun ló sì fi òǹkà sí ti Song-Beverly.

Àbùkù tí òfin yìí ń wò ni èyí tó dín ìwúlò ọkọ̀ kù gan-an, tàbí tó bu iye owó tí ọkọ̀ náà tó, tàbí tó fi ẹ̀mí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sínú ewu. Ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Gíà tó ń já lójijì lórí ọ̀nà márosẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó ń kú ní ìkòríta wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíréèkì tí kì í mú, àti bátìrì ọkọ̀ oníná tí kò gbaná mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tó ń gbé níbi tó tutù, ṣùgbọ́n fún ìdílé tó ń fi ọkọ̀ gbé ìkókó kọjá ní aginjù Mojave nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn mọ́. Òfin gba èyí rò, torí ojú ẹni tó ra ọkọ̀ àti ohun tó fẹ́ fi í ṣe ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí àbùkù náà ṣe wúwo tó. Ariwo tínńtín nínú ilẹ̀kùn tàbí ọ̀dà tó họ díẹ̀ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá sì ti ọwọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀ wá, irú bíi jàǹbá, ìlòkulò, tàbí pé ó lọ yí ẹ́ńjìnì padà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò, ilé-iṣẹ́ kò ní gbà á mọ́ra.

Ọkọ̀ tí ènìyàn rà fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ wà lábẹ́ òfin náà, títí kan èyí tó háyà fún ọdún mélòó kan lọ́wọ́ dílà. Ọkọ̀ iṣẹ́ ajé náà wà níbẹ̀, bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá tó 10,000 páùn, tí ẹni tó ni ín kò sì ní ju ọkọ̀ márùn-ún tó forúkọ sílẹ̀ ní California. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọ wa tó ń fi ọkọ̀ ara wọn ṣiṣẹ́ Uber, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ pawó, òfin ti ta wọ́n nù. Kò ta wọ́n nù. Alùpùpù wà lára àwọn tí ó yọ sílẹ̀ gbangba. Ní ti ọkọ̀ àlòkù, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California dá ẹjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 pé ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò rí kì í ṣe ọkọ̀ tuntun lójú ẹ̀ka òfin yìí, kódà bí wáráńtì tí ilé-iṣẹ́ fún olówó àkọ́kọ́ kò bá tíì tán. Ìdájọ́ yìí dun ọ̀pọ̀ oníbàárà, torí ọkọ̀ tó lo ọdún kan péré ni àwọn tí owó wọn kò tó ti tuntun máa ń rà.

Nípa iye ìgbà, òfin Tanner sọ pé láàárín oṣù 18 tàbí máìlì 18,000 àkọ́kọ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, ilé-iṣẹ́ ti lo àǹfààní tirẹ̀ tán bí ó bá ti gbìyànjú àbùkù kan náà nígbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àbùkù ọ̀hún bá jẹ́ èyí tó lè pa ènìyàn tàbí ṣe é léṣe gidigidi, ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Ọ̀nà kẹta ni ti ọjọ́: bí ọkọ̀ bá ti lò ju 30 ọjọ́ lọ lápapọ̀ ní ọgbà àtúnṣe, ìbáà jẹ́ nítorí àbùkù oríṣiríṣi, ó ti pé. Àwọn ọjọ́ náà kò ní láti tẹ̀ léra. Ọjọ́ márùn-ún lóṣù kìíní àti ọjọ́ mẹ́jọ lóṣù kẹrin, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rò pọ̀.

Àwọn dílà kan máa ń sọ fún oníbàárà pé oṣù 18 ti kọjá, pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Irọ́ ni. Oṣù 18 kì í ṣe gbèdéke tí ẹjọ́ ń kú sí. Ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ sínú òǹkà yìí ni òfin gbà gbọ́ lójú ẹsẹ̀ títí ilé-iṣẹ́ yóò fi mú ẹ̀rí mìíràn wá; ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sẹ́yìn òǹkà ṣì lè jàre, bí àbùkù náà bá yọjú nígbà tí wáráńtì ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọrùn rẹ̀ ni ẹrù ẹ̀rí yóò wà.

Ìwé ni ó ń borí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìyà jẹ lóòótọ́ ti ń pàdánù. Òfin ka iye ìgbà, kò ka iye omijé. Ìgbà tí ọkọ̀ wọ ọgbà dílà tí kò sí ìwé fún un, bí ìgbà tí kò wọ ibẹ̀ ni. Nígbàkúùgbà tí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ wọlé, dílà máa ń kọ ìwé àtúnṣe. Ó yẹ kí ọjọ́ tí ọkọ̀ wọlé àti ọjọ́ tó jáde wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú máìlì tó wà lójú agogo ọkọ̀, ohun tí oníbàárà fi sùn, ohun tí mẹkáníìkì rí àti ohun tó ṣe sí i. Oníbàárà ní láti ka ìwé náà kí ó tó fọwọ́ sí i, kó sì gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kàn fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹ ọkọ̀ wò. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ọkọ̀ wọlé lè fi ẹ̀rín sọ pé kí oníbàárà máa mú ọkọ̀ lọ, pé kékeré ni, kò yẹ kí àwọn da ìwé láàmú. Inú rere yẹn ń gba ẹ̀rí ọjọ́ ọ̀la lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ẹ̀sùn náà ṣe pàtàkì. Bí oníbàárà bá wí lónìí pé gíà ń já, tó wí lóṣù tó ń bọ̀ pé ọkọ̀ ń gbọ̀n, tó tún wí nígbà kẹta pé ọkọ̀ kì í fẹ́ sáré, ilé-iṣẹ́ lè jókòó níwájú adájọ́ kó sọ pé àbùkù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó bá jẹ́ ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ó máa wà nínú ìwé. Àwọn àbùkù tó burú jù a sì máa fi ara pamọ́: ọkọ̀ á kú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó dé ọgbà dílà, yóò máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mẹkáníìkì á kọ ọ́ pé òun kò rí ohun tí oníbàárà ń sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú kíkà, ṣùgbọ́n ní 2001 kóòtù kòtẹ́milọ́rùn California sọ ọ́ kedere pé gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá fún ilé-iṣẹ́ láàyè láti tún ọkọ̀ ṣe ni wọ́n ń kà, kódà bí wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Fídíò tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ fi fóònù ká sílẹ̀ nígbà tí àbùkù náà ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ wúlò púpọ̀ níbi tí mẹkáníìkì ti ń sọ pé òun kò rí i.

Dílà kọ́ ni yóò san owó tí oníbàárà ń béèrè padà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tó sì fúnni ní wáráńtì ni, torí náà ẹni tó lo oṣù mẹ́fà ní bíbá máníjà dílà jà ti ń ja ìjà náà níbi tí kò sí. Nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá, ilé-iṣẹ́ sábà máa ń kọ àdírẹ́sì kan sí, tó sì ń béèrè pé kí oníbàárà kọ̀wé sí òun tààrà. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, lẹ́tà yẹn pọn dandan kí oníbàárà tó lè jẹ àǹfààní òǹkà ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ gùn: nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́ tí wọ́n rà á, àbùkù tó ní, àwọn ọjọ́ tó ti wọ ọgbà àtúnṣe, àti ohun tí oníbàárà ń fẹ́, yálà owó padà tàbí ọkọ̀ mìíràn. Oníbàárà ló ní ẹ̀tọ́ láti yan èyí tó wù ú; kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè fipá fún un ní ọkọ̀ mìíràn nígbà tó jẹ́ owó ló fẹ́. Kó fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹni tó gbà á yóò gbà fọwọ́ sí i, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀, ọ̀nà méjì ló kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ètò ìlàjà tí ìjọba ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò tó sì fọwọ́ sí. Ètò náà kò náni lówó, ó sì yẹ kí wọ́n dájọ́ láàárín 40 ọjọ́. Bí ìdájọ́ bá tẹ́ oníbàárà lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà á. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò dè é, ó ṣì lè lọ sí kóòtù. Ọ̀nà kejì ni kóòtù fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀rù owó lọ́yà ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa sún mọ́ ibẹ̀, àmọ́ òfin Song-Beverly ti gba ẹrù yẹn kúrò: bí oníbàárà bá jàre, ilé-iṣẹ́ ni yóò san owó lọ́yà rẹ̀. Bí adájọ́ bá rí i pé ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kí òun gba ọkọ̀ náà padà tó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe orí kunkun, ìtanràn tó lè tó ìlọ́po méjì owó tí oníbàárà pàdánù lè tẹ̀ lé e.

Láti 2025, ìlànà mìíràn ti wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá yàn láti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìtanràn yẹn lọ́wọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé tó o létí, kó sì dúró fún 30 ọjọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ san owó láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, tó sì parí ètò náà láàárín 60 ọjọ́, ìtanràn kò sí mọ́. Lábẹ́ ìlànà yìí kan náà, ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wọ kóòtù kó tó pé ọdún kan tí wáráńtì tán, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́fà lọ sí ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ níbẹ̀rẹ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tirẹ̀ wà nínú ìlànà yìí.

Owó tí ilé-iṣẹ́ ń dá padà pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí lọ. Owó àkọ́san wà níbẹ̀, àti gbogbo owó oṣooṣù tí oníbàárà ti san, owó orí tí ìjọba gbà lórí ọkọ̀, owó ìforúkọsílẹ̀, títí kan owó ọkọ̀ agbọ́kọ̀ àti ti ọkọ̀ tó háyà nígbà tí tirẹ̀ wà ní ọgbà àtúnṣe, bí ríìsíìtì bá wà. Gbèsè tó bá kù ní báǹkì, ilé-iṣẹ́ ni yóò san án. Ohun tí wọ́n ń yọ kúrò ni owó ìlò. Wọ́n á mú máìlì tó wà lójú agogo nígbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ wọ ọgbà dílà nítorí àbùkù náà, wọ́n á fi 120,000 pín in, wọ́n á sì fi iye owó ọkọ̀ sọ èyí tó bá jáde di púpọ̀. Bí ọkọ̀ tí wọ́n rà ní 40,000 dọ́là bá kọ́kọ́ wọ ọgbà ní máìlì 6,000, 2,000 dọ́là ni wọ́n á yọ. Bí olówó ọkọ̀ kan náà bá ń fara dà á títí ó fi dé máìlì 15,000 kó tó gbé e lọ, 5,000 dọ́là ni. Máìlì tó bá rìn lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ yẹn kò sí nínú ìṣirò yìí, bó ti wù kí àtúnṣe fà gùn tó. Sùúrù tí ẹni rere fi ń fara dà á fún oṣù mẹ́ta kó tó ṣàròyé, owó ló ń náni.

Ní gbogbo àkókò tí ọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀, oníbàárà kò gbọ́dọ̀ dá owó oṣooṣù báǹkì dúró. Ìbínú lè mú ènìyàn rò pé òun kò ní sanwó fún ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àdéhùn ti báǹkì yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́. Báǹkì á wá gbé ọkọ̀ náà, orúkọ rere tó ní lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó á bàjẹ́, ọkọ̀ tó yẹ kó dá padà kò sì ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ tún lè fi ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan lọ oníbàárà kó lè máa lo ọkọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Fún àbùkù tí kò léwu, ó lè bá ẹlòmíràn lára mu. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ mọ́ bíréèkì tàbí ẹ́ńjìnì tó ń kú lójú ọ̀nà, kò sí iye tó bójú mu, torí ìwé tí oníbàárà máa fọwọ́ sí kó tó gba owó náà sábà máa ń sọ pé kò ní padà wá béèrè ohunkóhun mọ́.

Ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá wà, kì í ṣe kóòtù ni ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ọkọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ náà, 35 dọ́là ni owó ìwé, kò sì pọn dandan kí ènìyàn gba lọ́yà. Oṣù 24 tàbí máìlì 24,000 ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Gbèdéke tiwọn le o: oṣù mẹ́fà péré ni oníbàárà ní láti mú ẹ̀sùn wá lẹ́yìn tí àkókò yẹn tàbí wáráńtì bá tán, èyí tó bá kọ́kọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ padà láti tún ohun kan náà ṣe lára gbogbo wọn. Ìyẹn kì í sábà dá owó ọkọ̀ padà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ilé-iṣẹ́ ra ọkọ̀ púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí Volkswagen ti ṣe láti 2016, nígbà tí àdéhùn ní kóòtù mú kó fẹ́ ra nǹkan bí 475,000 ọkọ̀ onídíísù padà ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀rọ tó fi ń parọ́ nídìí àyẹ̀wò èéfín.

Ní Ìlú Ọba, ẹni tó ta ọkọ̀ ló ń jíhìn, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Lábẹ́ Consumer Rights Act ti 2015, oníbàárà ní 30 ọjọ́ láti dá ọkọ̀ tó lábùkù padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àǹfààní àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan ni òfin fún dílà. Bí àtúnṣe yẹn bá kùnà, oníbàárà lè dá ọkọ̀ padà, wọ́n sì lè yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ fún ìlò.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tí kò lábùkù, tó sì máa pẹ́ tó bó ti yẹ. Òfin náà kò ka iye àtúnṣe bíi ti California, èyí sì jẹ́ àlàfo tó yẹ kí àwọn aṣòfin dí, torí ẹni tó fi owó gọbọi ra ọkọ̀ tuntun l'Ékòó nílò òǹkà yẹn bí ẹni tó wà ní Los Angeles. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń gbọ́ ẹ̀sùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè, LASCOPA, àjọ irú rẹ̀, sì wà fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìwé àtúnṣe tó péye wúlò níwájú àwọn méjèèjì.

Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbà padà kì í sábà lọ sí ààtàn. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì tún un tà. California ní kí wọ́n kọ Lemon Law Buyback sára ìwé ọkọ̀ náà, kí wọ́n lẹ àmì mọ́ férémù ilẹ̀kùn rẹ̀ lápá òsì, kí wọ́n sọ àbùkù rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kí wọ́n sì fún un ní wáráńtì ọdún kan lórí àbùkù náà. Ààbò wọ̀nyí kò bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà bá gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can tàbí ti Kútọnu, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, àmì ara ilẹ̀kùn sì rọrùn láti bó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkọ̀ náà, èyí tó ní lẹ́tà àti òǹkà 17, wà lára rẹ̀, ó sì ṣeé kà láti ìta gíláàsì iwájú. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà yìí wá ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń mú ìròyìn wọn láti inú àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NMVTIS, yóò san owó díẹ̀, ó sì lè rí i kó tó sanwó fún alátajà bóyá wọ́n ti gba ọkọ̀ náà padà rí, bóyá omi ti gbé e rí, tàbí bóyá jàǹbá ti sọ ọ́ di àwókù.